Oòrùn àti Ìtàn Iná ní Ifọ̀, Mowé àti Ibàfọ̀

Ní ìlú Ọ̀fadà, tí kò jìnnà sí Mowé, iṣẹ́ kan wà tí àwọn obìnrin ti ń ṣe kí a tó bí àwọn òbí wa. Nígbà tí wọ́n bá ti kórè ìrẹsì tán, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi, wọn a sì bọ̀ ọ́ lórí iná. Lẹ́yìn èyí ni wọn a tẹ́ ẹní sí gbangba, wọn a sì sá ìrẹsì náà sí oòrùn. Wọn a máa fi ọwọ́ rò ó kí ó lè gbẹ dọ́gbadọ́gba, wọn a sì máa wo ojú sánmà nítorí òjò. Bí o bá bi ọ̀kan nínú wọn léèrè pé kí ni ó ń ṣe, yóò dá ọ lóhùn pé ìrẹsì ni òun ń sá. Kò ní sọ pé agbára oòrùn ni òun ń lò. Síbẹ̀, agbára oòrùn gan-an ni ó ń lò, kò sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìtàn tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni ìtàn iná ní agbègbè Ifọ̀, Mowé àti Ibàfọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: ibi tí iná ti ń wá, ọ̀nà tí ó gbà dé, àti ohun tí ó ń ná àwọn tí ń lò ó. Ìdí tí a fi fẹ́ sọ ọ́ ni pé ní àkókò tiwa yìí, àwọn onílé púpọ̀ ní ìlú wọ̀nyí ti ń gbé àwo sí orí òrùlé wọn láti gba iná lára oòrùn. Àwọn kan rò pé ohun tuntun pátápátá ni. Àwa ní tiwa wí pé ìpadà sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n pé ọ̀rẹ́ náà kò ní ṣe wá ní àǹfààní tí ó yẹ bí a kò bá kọ́ ọgbọ́n tí a fi ń bá a lò.

Láyé àwọn baba ńlá wa, iná igi ni a fi ń se oúnjẹ, fìtílà ni a sì fi ń ríran ní òru. Amọ̀ ni a fi ń mọ fìtílà náà. A ó da epo pupa tàbí àdín sínú rẹ̀, a ó fi òwú sí i, a ó sì tàn án. Iṣẹ́ tí ó bá gba ooru púpọ̀ tí kò sì gba ìkánjú, oòrùn ni a ń gbé e fún. Oòrùn ni àwọn ará Ẹ̀gbá fi ń gbẹ láfún tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Oòrùn ni a fi ń gbẹ èlùbọ́, ata àti ilá. Òun ni àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta fi ń gbẹ aṣọ tí wọ́n ti rẹ sínú aró. Nígbà tí kòkó sì dé ilẹ̀ wa, oòrùn yìí náà ni a sá a sí.

Bí a bá wò ó dáadáa, iná igi pàápàá kò kúrò lára oòrùn. Ewé igi ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí ó sì ń fi agbára rẹ̀ sọ omi àti afẹ́fẹ́ di oúnjẹ, tí igi fi ń dàgbà. Nígbà tí a bá sun igi náà, agbára tí ó gbà lọ́wọ́ oòrùn láti ọdún wọnnì ni ó ń jáde bí ooru àti ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni epo pupa rí. Ìmọ̀ ọ̀pẹ sì ni a ti rí i, nínú oko ara wa. Nítorí náà, kí òyìnbó tó dé, oòrùn ni ó ń bọ́ gbogbo iná wa, yálà a mọ̀ tàbí a kò mọ̀, àti igi àti epo sì wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ń lò wọ́n.

Ní ọdún 1896, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà rélùwéè láti Ìddó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà náà gba Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn, níbi tí a ti ṣí i ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Lẹ́yìn èyí ni a la ẹ̀ka kan láti Ifọ̀ lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò, Ifọ̀ sì di oríta ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1896 yìí kan náà ni a kọ́kọ́ tan iná mànàmáná ní Èkó. Ẹ kíyè sí i pé ọdún kan náà ni ohun méjèèjì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn wọn kò dọ́gba. Ọ̀nà irin tètè jáde lọ sí ìgbèríko, nítorí pé ẹrù wà níbẹ̀ tí yóò kó wá sí etí òkun: èkùrọ́, epo, òwú àti kòkó. Iná kò ní ẹrù tí yóò kó bọ̀, nítorí náà kò bá ọ̀nà irin lọ. Ọkọ̀ ń kọjá ní Ifọ̀ pẹ̀lú ariwo ńlá, bí ó bá sì ti kọjá tán, fìtílà ni ará ìlú ń tàn.

Ooru omi ni ó ń wa ọkọ̀ ojú irin ìgbà náà, èédú ilẹ̀ ni a sì fi ń se omi náà. Ní ọdún 1909 ni a rí èédú ní agbègbè Údì ní ilẹ̀ Ìgbò; ní ọdún 1915 ni a bẹ̀rẹ̀ sí wà á, ìlú Enugu sì ti ibẹ̀ dìde. Èédú yìí di oúnjẹ fún rélùwéè, òun ni a sì ń sun ní ilé-ẹ̀rọ Ìjọrà kí Èkó lè ní iná. Oòrùn àtijọ́ ni èédú náà: igi àti ewéko tí ó kú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi di dúdú. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ni ó ní láti wọ inú ilẹ̀ lọ láti wà á jáde. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ní ibi ìwakùsà Iva Valley ní Enugu, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 21 nígbà tí ìjà wà láàárín wọn àti ọ̀gá wọn lórí owó iṣẹ́. Ẹni tí ó ń wo iná tí ń tàn ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà kò ní mọ ohun tí a san lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí nígbà tí iná bá ti ọ̀nà jíjìn wá: ẹni tí ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ kì í rí ìrora rẹ̀.

Ní ti àwọn ará ilé, epo òyìnbó ni ó kàn wọ́n jù. Láńtà onígíláàsì lé fìtílà amọ̀ kúrò lórí tábìlì, ó sì yẹ kí a fi ìyìn fún un, nítorí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àtijọ́ ni ó fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kàwé títí ó fi yege. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ó yí padà níbẹ̀. Epo pupa ni a lè fún nílé. Kò sí ẹni tí ó lè fún epo òyìnbó nílé. Láti ìgbà náà ni iná ilé ti ń ti ọjà wá. Bí ọkọ̀ epo kò bá dé, tàbí bí owó epo bá ga, òkùnkùn ti dé nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti ràn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi oòrùn ṣe ní àkókò yìí, nítorí àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní ọdún 1913, ní Maadi, nítòsí ìlú Cairo ní ilẹ̀ Íjíbítì, ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Frank Shuman to dígí gígùn sí gbangba, èyí tí a tẹ̀ kọ́rọ́ bí ọpọ́n. Dígí náà ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sí ara ọ̀pá tí omi wà nínú rẹ̀. Omi náà hó, ooru rẹ̀ sì yí ẹ̀rọ tí ń fa omi odò Náílì sí oko òwú. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún kan ṣáájú kí a tó so Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀. Ṣùgbọ́n ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, àwọn ẹlẹ́rọ tú ká, a sì tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Shuman kú ní ọdún 1918. Lẹ́yìn ogun, epo rọ̀bì pọ̀, owó rẹ̀ kò sì ga; àwọn ènìyàn gbàgbé dígí Maadi.

Ọ̀nà kejì wà tí kì í ṣe ooru oòrùn ni ó ń lò, bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1839, Edmond Becquerel, ọmọ Faransé tí ó jẹ́ ẹni ọdún 19, ṣàkíyèsí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sára irin kan tí a rì sínú omi ásíìdì, iná mànàmáná a máa jáde díẹ̀. Ní ọdún 1905 Albert Einstein ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára irin, nítorí àlàyé yìí ni a sì fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1921. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1954, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ní ilé-ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson, fi àwo kékeré han ayé, èyí tí wọ́n fi ṣílíkọ́nì ṣe. Inú yanrìn ni a ti ń yọ ṣílíkọ́nì. Nínú ìpín 100 ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sára àwo náà, nǹkan bí ìpín 6 ni ó di iná. Ní ọdún 1958 a fi irú rẹ̀ sára Vanguard 1, ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà rán lọ yí ayé ká ní òfuurufú, nítorí kò sí ọ̀nà tí a lè gbà gbé epo lọ bá a níbẹ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá béèrè bí àwo tí kò mira, tí kò sì pariwo, ṣe lè mú iná wá, kí olùkọ́ fi igi mángòrò ṣe àpẹẹrẹ fún un. Bí òkúta tí ọmọdé jù ṣe ń gbá èso bọ́ lórí igi, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò ní àyè rẹ̀ nínú ṣílíkọ́nì. A sì ti ṣètò ṣílíkọ́nì náà, kí àwọn tí ó bọ́ má ṣe tú ká, kí wọ́n máa ṣàn gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìṣàn wọn yìí ni à ń pè ní iná mànàmáná.

Ẹ padà wálé nísinsìnyí, kí ẹ sì wo bí ọjọ́ ṣe pàdé ara wọn. Ní ọdún 1954 ni a fi àwo oòrùn han ayé. Ní ọdún 1956, ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, a rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní ilẹ̀ Niger Delta. Láti ìgbà náà ni ojú wa ti yí sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, a kò sì wo òkè mọ́. A kò lè dá àwọn àgbà ìgbà náà lẹ́bi jù, nítorí àwo oòrùn wọ́n bí wúrà nígbà náà, epo sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Àmọ́ ohun tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó orílẹ̀-èdè kì í fi ìgbà gbogbo dé ọwọ́ ará ilé.

Òfin ọdún 1950 ni ó dá ilé-iṣẹ́ iná kan sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1969 a ṣí ìdídò Kainji, tí ń fi agbára omi odò Ọya ṣe iná. Ní ọdún 1972 a so ilé-iṣẹ́ iná àti ti ìdídò pọ̀ di èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Nẹ́pà. Ní ọdún 1976 a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ní ọdún 1978 a sì ṣí ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn. Ẹ̀bá ọ̀nà yìí ni Mowé àti Ibàfọ̀ wà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Abúlé àgbẹ̀ ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ilé ní Èkó wọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n wá ra ilẹ̀ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Èkó láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbègbè Ifọ̀ ṣe kún láti ìhà Agbádo àti Sango.

Ilé ṣáájú òpó iná ní ibi púpọ̀. Ní àdúgbò mìíràn, àwọn onílé ni ó dáwó jọ, tí wọ́n ra òpó àti wáyà, tí wọ́n sì ra tìrànsífọ́mà pẹ̀lú. Wọ́n ti la ọ̀nà fún iná, síbẹ̀ iná kò gba ọ̀nà náà kọjá bí ó ti yẹ. Ní Papalanto, tí kò jìnnà sí Ifọ̀, a kọ́ ilé-ẹ̀rọ ńlá Ọlọ́runṣògo tí ń fi gáàsì ṣe iná. Ṣùgbọ́n inú àpapọ̀ iná gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná rẹ̀ ń ṣàn lọ, kì í ṣe inú ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí ń gbé lábẹ́ wáyà ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ní iná.

Ìyà yìí ni ó mú ẹ̀rọ amúnáwá wọlé. Aránṣọ ra tirẹ̀, onígbàjámọ̀ ra tirẹ̀, ẹni tí ń ta omi tútù ra tirẹ̀, títí tí ariwo kò fi jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Èéfín rẹ̀ burú ju ariwo rẹ̀ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ènìyàn kò sì lè rí. Àwọn tí ó gbé ẹ̀rọ náà sínú ilé nítorí olè, tí wọ́n sì sùn tì í, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jí mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ̀rọ amúnáwá sínú ilé tàbí sí ẹ̀bá fèrèsé láéláé.

Ní ọdún 2005 Nẹ́pà pa orúkọ dà. Ní ọdún 2013 ìjọba ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fún àwọn oníṣòwò. Orúkọ yí padà, òkùnkùn kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 dé, nígbà tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà kan tí kò tó ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, a gbé owó iná àwọn tí a ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún sí ₦225 fún ìwọ̀n kan. Ní ọdún yìí kan náà, àpapọ̀ iná orílẹ̀-èdè dá wó lulẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí ìlú púpọ̀ fi ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn gbójú sókè.

Kì í ṣe pé oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tí ó yí padà ni owó àwo. Ní ọdún 1977, nǹkan bí dọ́là 76 ni a ń san lórí àwo tí yóò mú wáàtì kan ṣoṣo wá. Lónìí kò tó dọ́là kan. Nínú ìpín 100 ìmọ́lẹ̀, àwo òde òní ń sọ nǹkan bí ìpín 20 di iná. Ìmọ́lẹ̀ náà ti ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà mílíọ̀nù 150 wá, ó sì ń lo ìṣẹ́jú 8 lọ́nà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró ní ibodè, kò sì sí ẹni tí ó lè kó o pamọ́ sí ilé ìṣúra kí owó rẹ̀ lè ga.

Àwọn aládùúgbò wa ti ṣáájú wa ní ọ̀nà yìí. Ní ilẹ̀ Niger, Abdou Moumouni, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní ọdún 1929, ṣe olórí ilé-ìwádìí agbára oòrùn ní Niamey láti ọdún 1969, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn mú omi gbóná. Yunifásítì ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ní ilẹ̀ Mali, àlùfáà kan, Bernard Verspieren, tí ó rí ìyà tí ọ̀gbẹlẹ̀ fi jẹ àwọn ará San, bẹ̀rẹ̀ sí fi oòrùn fa omi kànga fún àwọn abúlé ní ọdún 1977. Ní ìhà Kalalé ní àríwá ilẹ̀ Benin, láti ọdún 2007, àwọn obìnrin Bessassi àti Dunkassa ti ń fi ẹ̀rọ oòrùn bomi rin ọgbà ẹ̀fọ́ wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ dùn mọ́ni: ìgbà tí oòrùn bá mú jù ni ẹ̀fọ́ ń fẹ́ omi jù, ìgbà náà gan-an sì ni ẹ̀rọ ń fa omi jù. Ní ọdún 2022, ní Onígbòlò ní agbègbè Pobẹ̀, láàárín àwọn ènìyàn tí ń sọ èdè wa ní ìhà kejì ibodè, ìjọba Benin ṣí oko àwo oòrùn tí agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 25. Oòrùn tí ń ràn sí Pobẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ń ràn sí Ifọ̀.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni a fẹ́ kọ́ ara wa. Oòrùn ní ìṣòro tirẹ̀. Ó ń wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí a fẹ́ iná jù. Ní oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹsàn-án, ìkùukùu a máa bò ó ní ìhà tiwa. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo àwo. Nítorí náà a kò lè ṣe láìní bátìrì tí yóò tọ́jú iná ọ̀sán di òru, bátìrì ni ó sì ń gba owó jù. Èyí tí a fi òjé ṣe lè di májèlé bí a bá ń fọ́ ọ tí a sì ń yọ́ ọ láìbìkítà. Ògijó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Ní ọdún 2025 ìjọba ti ilẹ̀kùn àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé bátìrì níbẹ̀, nítorí pé òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò, òjé sì a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí a bá sá fún èéfín ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sá lọ bá májèlé mìíràn. Bátìrì tí ó bá kú, kì í ṣe ohun tí a ń jù sí ààtàn.

Ìṣòro kejì ni àìmọ ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa ni ó ti ná owó ńlá lórí sólà, tí kò sì pẹ́ tí ilé tún padà sí òkùnkùn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó jókòó ṣírò ohun tí wọ́n nílò. Ìṣirò náà kò ju ti ọmọ ilé-ìwé lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan tí ó ní gílóòbù 5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba wáàtì 10, tí a sì ń tàn fún wákàtí 5: 5 lọ́nà 10 lọ́nà 5 jẹ́ 250. Fáànù kan tí ń gba wáàtì 60 fún wákàtí 8 jẹ́ 480. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 730. Àwo oníwáàtì 300, bí oòrùn bá mú un dáadáa fún wákàtí 4, yóò mú 1,200 wá. Bí a bá yọ ìdá mẹ́rin kan fún ohun tí yóò ṣòfò lọ́nà, ó ku 900. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé náà bá ń lo gílóòbù àtijọ́ tí ń gba wáàtì 60, gílóòbù 5 nìkan yóò jẹ 1,500, àwo kan náà kò sì ní tó mọ́. Ìfararó pẹ̀lú ìmọ̀ ni ó ṣáájú àwo.

Ẹ ò rí i pé ìbéèrè tí ó wà níwájú wa kì í ṣe bóyá oòrùn yóò ràn. Ìbéèrè náà ni pé ta ni yóò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìtàn tí a ti sọ yìí, ní ìgbà gbogbo tí iná tuntun dé, ẹlòmíràn ni ó mọ ìdí rẹ̀, àwa ni a sì ń rà á. A ra epo òyìnbó, a ra ẹ̀rọ amúnáwá, a ra òpó àti wáyà. Bí a bá tún ra àwo àti bátìrì láìmọ bí a ti ń tò ó, bí a ti ń tún un ṣe, àti bí a ti ń ṣe irú rẹ̀, a ti pààrọ̀ olówó kan fún òmíràn ni. Oòrùn jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ irinṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Olówó ti ń bọ́ lọ́wọ́ òkùnkùn ní Mowé. Aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní owó bátìrì ṣì ń tan àbẹ́là. Bí àwọn onílé bá lè dáwó jọ ra tìrànsífọ́mà, kò sí ohun tí ó ní kí wọ́n má lè dáwó jọ fi sólà sí kànga àdúgbò, sí ilé ìgbẹ̀bí àti sí ilé-ìwé. Òfin iná ti ọdún 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè láti ṣètò iná tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí kúrò nínú ìwé nìkan. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń to àwo sí òrùlé, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì wo bí a ti ń so wáyà pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka wákàtí tí oòrùn fi ràn ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe ka ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sí ohun ìdánwò lásán, nítorí àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Àwọn obìnrin tí ń sá ìrẹsì ní Ọ̀fadà mọ ìgbà tí oòrùn yóò mú àti ìgbà tí òjò yóò ṣú. Wọ́n mọ bí ìrẹsì ti ṣe ń gbẹ tí kò fi ní fọ́ nígbà tí a bá ń gún un. Ìmọ̀ wọn ni ó sọ oòrùn di ìránṣẹ́ wọn. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó kù kí a ní nípa àwo tí ó wà lórí òrùlé wa, kí ọmọ tí yóò kàwé lálẹ́ ní Ifọ̀, Mowé tàbí Ibàfọ̀ má ṣe máa dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó lè ríran.